Bí Ìyá Mi, Ọmọ Ọdún Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Ṣe Kọ̀ Láti Tú Irọ́ Mi ní Kúbwá

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ ilé, mo ti dé. Ẹni tó gbọ́ pé ọ̀nà Àbújá ti gbé mi mì, tó sì ti ń fi ojú wọn pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ mi, kó yáa gbé ojú kúrò níbẹ̀. Èmi Àlàbí atúnkẹ̀kẹ́ṣe náà nìyí, mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ara mi le, ahọ́n mi sì mú ju bó ṣe wà kí n tó lọ. Láti ọjọ́ tí mo ti dé lẹ ti ń bi mí pé báwo ni Àbújá ṣe rí. Ẹni tó wá pọ́ǹpù táyà ń bi mí, ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́ pàápàá ń bi mí. Ó ti sú mi láti máa sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ni mo bá mú bírò. Ìwé tí mo kà kò ju kíláàsì kẹta lọ, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi mí ṣẹ̀sín. Ẹ̀yin lẹ kàn ń kà á, èmi ni mo kọ ọ́.

N kò lọ ṣeré o. Ọmọ mi Mọrẹ́nikẹ́, èyí tó ń bá ìjọba àpapọ̀ ṣiṣẹ́, ló ránṣẹ́ pè mí. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń kọ ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Kánò, iṣẹ́ sì ti wọ òun náà lọ́rùn, ó ní kí n wá bá òun jókòó ti ọmọ. Ọmọ wo? Ìyá mi ni.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé nígbà náà mọ̀ ọ́n. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí ìyá mi filẹ̀ bora ni Mọrẹ́nikẹ́ bí obìnrin, àmì dúdú tó wà létí ìyá mi wà létí ọmọ náà, a sì sọ ọ́ ní Yétúndé. Láti ọjọ́ náà, n kò pè é ní ọmọ-ọmọ rí. Ìyá mi ni mo ń pè é, bí mo bá sì rí i, mo máa ń dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tí mo lọ yìí. Àbújá ló dàgbà sí.

Òkúta tó ń wo èèyàn

N kò ní fi ọ̀rọ̀ mọ́tò àti páàkì dà yín láàmú, ẹ ti wọ mọ́tò rí. Kí èèyàn tó wọ Àbújá ló máa rí òkúta Zúmà lẹ́bàá ọ̀nà. Olúmọ tí àwọn Ẹ̀gbá fi ń yangàn, àbúrò pátápátá ni fún eléyìí. Ó ní ojú, ó ní imú, ó ní ẹnu. Bí mọ́tò wa ṣe ń yí ni ojú òkúta náà ń yí tẹ̀ lé wa. Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó o." Ọkùnrin tó jókòó tì mí ní òkúta kì í dáhùn. Mo ní ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kí ni kì í dá lóhùn.

Títì wọn tẹ́jú ju ọpọ́n ayò lọ. Obìnrin kan nínú mọ́tò wa gbé ife tíì sórí itan láti Zúbà títí dé Kúbwá, oorun gbé e lọ, tíì náà kò sì dà. Ojú mi ló ṣe. Òótọ́ ni pé ife náà ní ìdérí, ṣùgbọ́n ìdérí náà kò fi bẹ́ẹ̀ le.

Ẹ̀gbẹ́ títì ní Kúbwá ni wọ́n ti pàdé mi. Kúbwá kì í ṣe àárín Àbújá gan-an. Ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò ń sùn sí. Ní ìdájí, wọ́n á rọ́ sínú bọ́ọ̀sì lọ sí ìgboro, ní ìrọ̀lẹ́, bọ́ọ̀sì á tún da gbogbo wọn sílẹ̀, ojú wọn á rí bí aṣọ tí wọ́n fún tán tí wọn kò sá. Mọrẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀ sórí iyanrìn pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì rẹ̀, mo súre fún un. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti rí ìyá mi, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ wà lọ́rùn rẹ̀, etí yẹn náà sì nìyẹn. Mo gbé àpò sílẹ̀, mo ká agbádá mi, mo nà gbalaja.

"Ìyá mi, ọmọ yín ti dé."

Ẹ ò rí ojú àwọn èèyàn. Arúgbó ń dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ iléèwé! Bọ́ọ̀sì kan rọra ń lọ kó lè wò wá dáadáa. Ọkùnrin Hausa kan tó ń ta kílíṣí, ẹran gbígbẹ wọn, lẹ́bàá ibẹ̀ sáré wá, ó rò pé mo dákú ni.

"Kai, Bàbá, làfíyà?"

"Gránpà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde," ni ìyá mi wí, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Gbogbo èèyàn ń wò wá."

Ó yíjú sí oníkílíṣí, ó fi Hausa ṣàlàyé fún un pé òun ni ìyá mi. Ọkùnrin náà wò mí, ó wò ó, ó ní, "Yauwa," bí ẹni pé irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Ó gé kílíṣí fún un, ó ní ìyá arúgbó gbọ́dọ̀ jẹun kó lè lágbára. Ìyá mi jẹ ẹ́ tán lójú mi, kò rántí ọmọ.

Ẹnu tó ń gbé mi kiri

Kí n sọ òótọ́ kan fún yín kí n tó tún sọ nǹkan mìíràn: ní Àbújá ni mo ti kọ́kọ́ di àjèjì nínú orílẹ̀-èdè mi. Kò sí ẹni tí kì í bi ọ́ pé níbo lo ti wá, nítorí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí kò ti ibòmíràn wá, àfi àwọn Gwárì tó nilẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo dúró síwájú ilé, mo kí aládùúgbò wa kan, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, bó ṣe yẹ kí wọ́n kí èèyàn: ẹ káàárọ̀, ṣé dáadáa la jí, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́. Ọkùnrin náà mú táì lọ́wọ́, ó ń sáré lé bọ́ọ̀sì, ó ju "Mọ́nìn, sà" sí mi bí ẹni ju egungun sí ajá. Ṣùgbọ́n mègádì ilé kejì, Hausa ni, ó ní sànnu, ó béèrè ara mi, ó béèrè oorun mi, ó béèrè àárẹ̀ mi, ó béèrè ilé mi, títí mo fi gbàgbé ibi tí mò ń lọ. Mo padà wọlé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ẹni tó jẹ́ ará ilé mi níbẹ̀.

N kò lè dá ra iyọ̀ níbẹ̀ láìsí ìyá mi. Ó gbọ́ Hausa, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń sọ pijín, ó sì ti kọ́ Gwárì díẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì. Yorùbá nìkan ló ń ṣe é bí ẹni wọ bàtà tuntun. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ sọ ọ́, á máa tiro. Bí a bá dé ọjà, mo máa ń wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń kúrò níhìn-ín bọ́ sọ́hùn-ún, tí ojú rẹ̀ ń tàn. Ó máa ń tú ohun tí mo sọ, á tún tú ohun tí n kò sọ tó yẹ kí n ti sọ.

Nínú ọjà náà ni mo ti rí àwọn obìnrin Gwárì. Èjìká ni wọ́n ń gbé ẹrù sí, wọn kì í rù ú sórí. Igi ìdáná gígùn gbọọrọ, èjìká. Agbọ̀n iṣu, èjìká. Mo ní kí ìyá mi bá mi bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Màmá kan dáhùn, ìyá mi sì tú u: "Ó ní orí ni ọ̀gá ara, Gránpà. A kì í di ẹrù lé ọ̀gá lórí."

Mo ronú sí i títí a fi délé. Àwa tí à ń bọ orí, tí à ń kí orí, tí à ń bẹ orí, àwa náà ni à ń gbé ìkòkò omi lé e láràárọ̀.

Oúnjẹ wọn kò bà mí lẹ́rù. Ọbẹ̀ kúkà tí wọ́n fi ń jẹ túwó, lúrú tiwa náà ni, ó kàn yí orúkọ padà ni. Fúrà ló jẹ́ ohun ìyanu. Ọkà bàbà ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á wá pò ó mọ́ wàrà. Mo mu igbá kan lọ́jọ́ Jímọ̀, ebi kò pa mí títí di ọjọ́ Ajé. Mọrẹ́nikẹ́ ní mo jẹ iyán ní Sátidé, mo sì tún gbé àwo lẹ́ẹ̀kejì. Ìyẹn kì í ṣe ebi. Ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn, kí ọbẹ̀ ọmọ mi má baà kú sílẹ̀.

Ìjókòó kẹ̀kẹ́

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Mọrẹ́nikẹ́ to ìwé kún orí tábìlì ìjẹun débi pé àwo mi kò ríbi jókòó sí.

"Mọ́rẹ̀," ni mo wí, "kí ni iṣẹ́ yìí gan-an? Àwọn ará ilé ń bi mí, mo kàn ń sọ fún wọn pé ó le."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ìlànà ẹ̀kọ́ ni. Ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ máa kọ́ ọmọ, ìgbà tó máa kọ́ ọ, àti ìdí tó fi ń kọ́ ọ. Èyí tí à ń lò tẹ́lẹ̀, inú ìwé ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wá ń wá ọmọ tó máa bá ìwé mu. Àwọn ọmọ girama yìí sì ń bàlágà. Ara wọn ń yí padà, ọkàn wọn ń yí padà, ayé ń fà wọ́n síwá sẹ́yìn. Àwa ń ṣe bí ẹni pé àpò ni wọ́n, pé ká sáà máa dà á sí i. Ara ọmọ la fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ tiwa."

Mo ní kò tíì yé mi.

"Ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́ mi, Bàbá. Tí ọmọ kan bá gbé kẹ̀kẹ́ wá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé pẹ́dà, kí lẹ máa ń ṣe?"

"Màá sọ ìjókòó kalẹ̀."

"Ẹ kì í fa ẹsẹ̀ ọmọ náà gùn?"

"Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Ó ké."

"Ìjókòó náà la fẹ́ sọ̀ kalẹ̀."

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ níbí. Ọmọ tó ń jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù mi yìí, tó ń bá mi fọ ṣéènì nínú kẹrosíìnì, òun ló wà ní Àbújá tó ń sọ fún ìjọba bí wọ́n ṣe máa sọ ìjókòó kalẹ̀ fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè. Àyà mi fẹ̀ débi pé bọ́tìnnì kan já lára bùbá mi, ó fò, ó sì ba fèrèsé. Wọn kò tíì rí bọ́tìnnì náà di bí mo ṣe ń wí yìí.

Ṣùgbọ́n ojú ọmọ mi kò dùn. Ìgbìmọ̀ kan ló máa fọwọ́ sí iṣẹ́ náà. Alága wọn, Alhaji kan tó wá láti Bidà, ní òun ti kà á, ó dára, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ló kún inú rẹ̀, òun kò gbọ́ ohùn ọmọ kan ṣoṣo níbẹ̀. Ó ní òun máa wá sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Kúbwá kí àwọn ọmọ fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n nílò. Ilé-ẹ̀kọ́ Yétúndé ni wọ́n mú.

"Tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, a máa bẹ̀rẹ̀," ni Mọrẹ́nikẹ́ wí. "Tí wọn ò bá sọ nǹkan kan, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni gbogbo èyí ń lọ, Bàbá. Èyí tó wà tẹ́lẹ̀ á máa bá a lọ."

Ìgbà náà ni ìyá mi gbé omi wá fún un. "O ṣé, dókítà mi," ni Mọrẹ́nikẹ́ wí láì gbé ojú sókè. Láti kékeré ló ti ń pè é bẹ́ẹ̀, ọdún yẹn sì ni wọ́n máa yan ọ̀nà ní kíláàsì wọn, sáyẹ́ǹsì tàbí áàtì. Ìyá mi gbé ife náà kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin, ó sì jáde lọ síta. Mo tẹ̀ lé e.

"Ìyá mi, kí ló ń ṣe yín?"

"Kò sí nǹkan, Gránpà."

Ìyá mi àkọ́kọ́ kò mọ̀ ọ́n purọ́, eléyìí náà kò mọ̀ ọ́n pa. Èmi ni mo kó gbogbo irọ́ tó wà nínú ìdílé wa.

Ohun tí mo sọ lọ́jà

Ẹ mọ̀ pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kò sí níbi tí kì í sí. Mo bá mẹ́ta nínú àwọn ará wa ní ọjà Kúbwá, tí wọ́n ń ta ìkòkò àti páànù. Wọ́n gbé àga fún mi, wọ́n ra mínírà, wọ́n ní kí ni Bàbá wá ṣe ní Àbújá. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, ṣé kí n ní mo wá ṣọ́ ọmọ ni?

Mo ní ìjọba ló ní kí n wá bá àwọn wo ìlànà ẹ̀kọ́. Mo ní ọ̀rọ̀ ìjókòó tó wà nínú rẹ̀, orí tèmi ló ti jáde. Ìyẹn kò kúkú jìnnà sí òótọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ lọ́jà dà bí ọmọ tí wọ́n gbé fún aládùúgbò, bí ẹ bá padà wá gbé e, á ti tóbi. Kó tó di ìparí ọ̀sẹ̀, mo ti di ọ̀jọ̀gbọ́n láti Ìbàdàn. Ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn oníkòkò yẹn ń ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ náà. Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé etí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ nìyẹn. Ó ní kí Yétúndé kí mi dáadáa, pé àyè mi ti wà ní tábìlì gíga.

"Bàbá," ni Mọrẹ́nikẹ́ wí, ó gbé ọwọ́ lérí, "kí lẹ lọ sọ lọ́jà?"

"Òótọ́ díẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má sọ̀rọ̀ o. Ẹ kàn máa mi orí."

Mo ṣèlérí fún un. Mo tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí náà kọ́ra.

Tábìlì gíga

Gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ náà kún dẹ́nu. Wọ́n to àwọn ọmọ sí ìsàlẹ̀, wọ́n to àwa àgbà sórí pèpéle, fìlà àti gèlè jókòó ti ara wọn bí ìkòkò lórí àtẹ. Wọ́n gbàdúrà ti Kristi, wọ́n gbàdúrà ti Mùsùlùmí, wọ́n kí Alága, Alága kí gbogbo wa. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n funfun, tójú rẹ̀ tutù. Ó ní òun wá gbọ́ tiwọn ni. Kí ni wọ́n nílò tí ilé-ẹ̀kọ́ kò kọ́ wọn? Kí ló ń dà wọ́n láàmú?

"Kò sí, sà," ni gbogbo wọn dáhùn pọ̀.

Ó ní kí wọ́n má bẹ̀rù.

"A ò bẹ̀rù, sà."

Olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìde, ọmọkùnrin tó ki ẹ̀wù bọ ṣòkòtò dáadáa. Ó ní ohun tí àwọn nílò ni pé kí àwọn máa gbọ́ràn sí àwọn olùkọ́ lẹ́nu. Àwọn olùkọ́ pàtẹ́wọ́. Mọrẹ́nikẹ́ jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ògiri pẹ̀lú ìwé lórí itan, mo sì rí ọrùn rẹ̀ bó ṣe ń rì sínú èjìká.

Ẹ má dá àwọn ọmọ lẹ́bi. Ẹ kó àgbà jọ sókè, ẹ ní kí ọmọ dìde níwájú gbogbo wọn kó sọ ibi tó ń dùn ún. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa wo ló máa ṣe é? Bí a ṣe kọ́ wọn náà ni wọ́n ṣe ń ṣe.

Alága béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n ní kò sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa fáìlì dé. Ó wá yíjú sí mi, ó ní ẹ̀yà yòówù kí èèyàn jẹ́, a kì í tú ìpàdé ká láìjẹ́ pé ẹni tó dàgbà jù sọ̀rọ̀. Mọrẹ́nikẹ́ ń mi orí sí mi pé rárá. Ṣùgbọ́n ìlérí ni mo ṣe fún un, n kò ṣèlérí fún Alága. Mo dìde. Mo ní Yorùbá ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní ta ló máa tú u, àwọn ọmọ sì ti Yétúndé síwájú.

Mo kí wọn, ìyá mi tú u. Mo ní nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí wọn, mo gun kẹ̀kẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìlọrin láì fọwọ́ kan irin rẹ̀, mo gbé òbúkọ sẹ́yìn, òbúkọ náà sì ń bá mi wo ọ̀nà. Ìyá mi tú u tẹ̀ríntẹ̀rín, gbogbo gbọ̀ngàn hó. Ara mi yá. Mo ní ọmọ ayé ìgbà náà le. Mo ní nǹkan kan kì í bà wá lẹ́rù. Mo ní alẹ́ ọjọ́ kan ni mo sùn ní ọmọdé, ilẹ̀ mọ́, irùngbọ̀n ti hù, ohùn ti ki, mo gbé ọkọ́ lọ sóko láì bi ẹnikẹ́ni léèrè nǹkan kan. Mo ní iṣẹ́ tí bàbá wa bá yàn fún wa la máa ń ṣe, inú wa á sì dùn.

Mo dúró kó tú u. Kò sọ̀rọ̀.

"Ìyá mi, ẹ tú u."

"Mi ò lè tú u," ni ó wí ní Yorùbá.

"Kí ló dé?"

"Irọ́ ni."

Kódà àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé nǹkan kan ti fọ́. Ọmọ kì í sọ fún àgbà pé irọ́ ló pa, ní ìta gbangba. Mọrẹ́nikẹ́ ti dìde: "Yétúndé."

"Fi wọ́n sílẹ̀," ni mo wí. "Ìyá mi ni wọ́n. Ìyá ló ń bá ọmọ rẹ̀ wí, kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

Ẹ̀rín kan bú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Alága ni. Ọkùnrin náà ti gbé Ìlọrin rí, ó gbọ́ Yorùbá ju ìyá mi lọ, ó sì mọ ohun tí orúkọ Yétúndé jẹ́. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo wọn pé ọmọ yìí ni ìyá bàbá yìí, ó ti lọ ó sì ti dé, kò sì sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ àti bá bàbá wí tó o. Àwọn ọmọ fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ fún ayọ̀. Alága wá tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀.

"Ìyá Bàbá," ni ó wí fún un, "tí ìyẹn bá jẹ́ irọ́, kí ni òótọ́?"

Ìyá mi fọwọ́ kan etí rẹ̀, bí èyí àkọ́kọ́ ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, Mọrẹ́nikẹ́ ló tú tirẹ̀ àti ti àwọn ọmọ yòókù fún mi lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ojú mi ti gbọ́ ọ ṣáájú. Ó ní kì í ṣe alẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní ó ń pẹ́, ó ń dẹ́rù bani, ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ fún èèyàn pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ọmọkùnrin kan dìde lẹ́yìn láì jẹ́ pé wọ́n pè é. Ó ní láti ìgbà tí ohùn òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya, òun kò ka ìwé sókè ní kíláàsì mọ́, olùkọ́ sì rò pé òun ti ya ọ̀lẹ. Ọ̀rẹ́ ìyá mi, ọmọ Gwárì yẹn, ní àwọn ọmọbìnrin kan máa ń jókòó sílé lóṣooṣù tí nǹkan oṣù bá dé, nítorí kò sí omi ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti pé ìtìjú ni àwọn kọ́kọ́ kọ́, kí wọ́n tó kọ́ àwọn ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn. Òmíràn fẹ́ mọ ohun tí èèyàn máa ń sọ fún ọkùnrin tó bá ń dá mọ́tò dúró ti ọmọ iléèwé. Olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún dìde, ọmọ ìgbọ́ràn yẹn. Ó ní òun kì í sùn tí ìdánwò bá ń bọ̀, pé òun á máa gbọ́ ohùn bàbá òun nínú orí òun. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún un lọ́tẹ̀ yìí. Ẹni tó jókòó tì í fọwọ́ kàn án léjìká.

Mọrẹ́nikẹ́ ń kọ ọ́, ó ń kọ ọ́, ẹ̀rín wà lójú rẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n ń sọ wà nínú iṣẹ́ wọn bí ìgbà tí wọ́n ti kà á tẹ́lẹ̀.

Ìyá mi kò tíì jókòó. Ó ní ó ku ẹyọ kan. Ó ní òun fẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ àwọn bí èèyàn ṣe ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun kò fẹ́ ṣe dókítà.

Bírò Mọrẹ́nikẹ́ dúró. Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí i, wọ́n mọ ọmọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ará mi, mo ti rí ènìyàn tó ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ níwájú ọjà, ojú tí wọ́n máa ń ní nìyẹn. Ó lè bínú. Ó lè ní kí ọmọ jókòó, kí gbogbo ohun tí àwọn ọmọ ti sọ padà sí ọ̀fun. Alága ń wò ó, kò ràn án lọ́wọ́.

Ó gbé ìwé sílẹ̀. "Kí lo fẹ́ ṣe?" ni ó bi í, ní Yorùbá, bí ẹni pé àwọn méjèèjì nìkan ló wà níbẹ̀.

"Èdè, Mọ́mì. Gbogbo èdè. Ohun tí mò ń ṣe fún Gránpà lọ́jà yẹn, òun ni mo fẹ́ máa ṣe."

Mọrẹ́nikẹ́ mí kanlẹ̀. Ó yíjú sí Alága. "Sà, àwọn yòókù wà nínú iṣẹ́ wa. Eléyìí kò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ fi kún un."

"Ẹ fi kún un," ni Alága wí. "Ilé-ẹ̀kọ́ yìí ló máa kọ́kọ́ lò ó." Ó wá kọ ojú sí mi, ó fi Yorùbá Ìlọrin sọ ọ́ sí mi létí: "Bàbá, ọ̀rọ̀ òbúkọ yẹn, ẹ ṣì máa sọ ọ́ fún mi dópin."

Ọ̀nà ilé

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a jẹ túwó. Mọrẹ́nikẹ́ ní, "Yétúndé, bá mi bu omi." Kò pè é ní dókítà. Ìyá mi bu omi, ó tún jókòó tì í.

"Bàbá," ni ọmọ mi wí, "ẹ rántí pé ẹ̀yin náà fẹ́ kí n gba ṣọ́ọ̀bù?"

"Mo rántí. Ìwọ ò tilẹ̀ béèrè bí wọ́n ṣe ń sọ fún bàbá pé o kò fẹ́. O kàn gbé pọ́ǹpù mi pamọ́ sínú àkà ni."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí túwó fi fẹ́ há a lọ́fun. Ọmọ àti ìyá fara ti ara wọn, èmi sì lo àǹfààní náà láti mú ẹran tó kù.

Ọjọ́ tí mò ń bọ̀, àwọn méjèèjì sìn mí dé ibi mọ́tò. Oníkílíṣí yẹn wà níbẹ̀, ó ti mọ̀ wá, ó ń dúró kó wòran. Mo gbé àpò sílẹ̀, mo ká agbádá, mo dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá mi, mo ń lọ sílé."

Mo rò pé á fọwọ́ bojú bíi ti àkọ́kọ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, Yorùbá sì jáde lẹ́nu rẹ̀ láì tiro.

"Àlàbí, ọmọ mi, ọ̀nà á là fún ọ. O ò ní ṣe kòńgẹ́ ibi. Ilé tó o fi sílẹ̀, wàá bá a. O káre."

Bí ìyá mi ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn nígbà tí mo bá gbé kẹ̀kẹ́ jáde láàárọ̀, ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀. Mo pẹ́ nílẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá ní eruku ló wọ mí lójú, ẹ kò ṣìsọ, eruku Kúbwá kò kéré.

Nísinsìnyí, tí mo bá ń fọ́nnu kọjá ààyè, kí ẹ fara dà á. Ọmọ mi ń sọ ìjókòó kalẹ̀ fún àwọn ọmọ wa, ìyá mi sì ń kọ́ èdè. Ẹni tó bá rò pé mo purọ́ nínú ohun tí mo kọ sílẹ̀ yìí, kó má bá mi jà. Ìyá mi wà ní Kúbwá. Kó gbé ọ̀rọ̀ mi lọ bá wọn, kó ní kí wọ́n tú u. Ibi tí wọ́n bá ti dákẹ́, ibẹ̀ ni mo ti fi iyọ̀ sí i.